Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Jókòó?

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, ẹ̀gbọ́n Lọ́yà obìnrin kú. Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà kò yè.

Nígbà tí oṣù karùn-ún fi máa wọlé, àbúrò ti gba ipò ẹ̀gbọ́n nídìí tábìlì ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì. Ó ti ṣe ìdánwò àṣejáde tán, ó ń retí èsì, ìyá rẹ̀ sì ní èsì ìdánwò kì í yá nítorí pé èèyàn jókòó tì í. Lọ́yà ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń pè é, torí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ tí kò ní béèrè ìdí rẹ̀.

Yàrá tí wọ́n ti ń di búrẹ́dì gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì gbóná, nítorí pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti ààrò. Tábìlì onírin kan ló nà láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé. Àwọn obìnrin á tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n á máa gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára búrẹ́dì, wọ́n á máa tì í sínú ọ̀rá, wọ́n á máa so ọ̀rá náà lẹ́nu. Ìdúró ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jókòó.

Kì í ṣe pé ọ̀gá kọ̀ fún wọn o. Ọ̀gá tó ń bójú tó wọn, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Aago nítorí pé aago ara ògiri ló máa ń wò kó tó kí èèyàn, kò fi ìgbà kankan sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jókòó. Àwọn fúnra wọn ni. Ọmọdé ò lè jókòó kí àgbà wà lórí ìdúró. Àgbà náà ò sì fẹ́ kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n má baà ní ó ti rẹ̀ ẹ́, kó máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé ń wo àgbà, àgbà ń wo ọ̀gá, gbogbo wọn sì dúró gbagidi bí òpó.

Ìyá Lọ́yà ló dàgbà jù nídìí tábìlì náà. Ìyá Tábìlì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ọmọ rẹ̀ tó kú dúró sí ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí ojú rẹ̀ ń wú, tó ń sọ pé orí ń fọ́ òun. Ìyá rẹ̀ sì ń dá a lóhùn pé, "Dúró dáadáa. Gbogbo wa la lóyún níbí, a ò kú."

Lẹ́yìn ìsìnkú, Lọ́yà wọ Ẹgbẹ́ Ìlera Obìnrin àdúgbò. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń darí rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè. Inú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ti ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ni Lọ́yà ti kọ́ pé bí ojú àti ọwọ́ aboyún bá ń wú, tí orí ń fọ́ ọ tí kò lọ, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un lójú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ti ru, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi di ọ̀la. Lọ́jọ́ tó kọ́ èyí, kò lè kọ nǹkan mìíràn sílẹ̀ mọ́.

"Mà," ó béèrè, "ṣé ìdúró ló pa ẹ̀gbọ́n mi?"

"Rárá," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni ò wò ló pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò lè tọrọ àyè láti jókòó, ṣé ó máa lè tọrọ àyè láti wá rí mi?"

Ẹgbẹ́ náà lọ bá ẹni tó ni ilé iṣẹ́ búrẹ́dì sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà gbà. Káfíńtà kan kan àpótí ìjókòó mẹ́fà fún wọn, wọ́n sì yọ̀ǹda àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan lóṣooṣù kí àwọn obìnrin lè lọ yẹ ara wọn wò. Lọ́yà ni ẹgbẹ́ ní kó máa bójú tó o. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀: ẹgbẹ́ fẹ́ yan ọ̀dọ́ kan tí wọ́n máa rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá hàn ni wọ́n máa mú. Kí àwọn onígbọ̀wọ́ lè rí iṣẹ́ náà, wọ́n ní kí kálukú fi fọ́tò ránṣẹ́.

Àpótí dé. Kò sẹ́ni tó jókòó.

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́," Lọ́yà bẹ̀ wọ́n.

"Kí n jókòó, kí Ìyá Tábìlì wà lórí ìdúró?" ni Ìyàwó Awakọ̀ dáhùn. Ọkọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì kiri. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ti yọ síwájú débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń dúró ti tábìlì. "Ṣé kí wọ́n lè ní n ò ní ẹ̀kọ́ ilé ni?"

"Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin kì í ṣe ọmọdé."

"Èmi?" Ìyá Ìbejì fọwọ́ gbá ìdí ara rẹ̀. "Lọ́yà, wo ìdí yìí, kí o tún wo àpótí yìí. Ṣé mo jẹ káfíńtà yẹn lówó ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lọ́yà kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ̀yin ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. "Ọ̀rá ti tán lọ́wọ́ mi. Gbé òmíràn wá."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti rí iṣẹ́ fún àpótí náà. Páànù ni wọ́n ń tò lé e. Ìyá Ìbejì tiẹ̀ dúpẹ́: "Ẹgbẹ́ yín mà ṣe é o! A kì í bẹ̀rẹ̀ gbé páànù nílẹ̀ mọ́." Lọ́yà wo páànù, ó wo àwọn obìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ kan sinmi fún èkejì. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò wá. Kí ni èèyàn máa ṣe fún ẹni tí a gbé ìjókòó fún tó fi gbé páànù?

Ọjọ́ tí fọ́tò máa dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́yà mọ ohun tó tọ́: kó sọ pé àpótí ti dé, àwọn èèyàn ò jókòó. Ṣùgbọ́n ó ń rí aṣọ funfun ilé ẹ̀kọ́ náà lójú oorun. Ó sì ti sú u láti máa bẹ àgbàlagbà kí wọ́n tó ṣe ara wọn lóore.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣáà jókòó díẹ̀ kí n yà yín. Bí mo bá yà á tán, kí ẹ dìde."

"Torí fọ́tò nìkan?"

"Torí fọ́tò nìkan ni, mà."

"Ṣé bóo ṣe yẹ kóo wí látọjọ́ yìí nìyẹn!" Ìyá Ìbejì ti ń tún ìborí rẹ̀ wé. Kíá, wọ́n kó páànù kúrò. Àwọn tí wọ́n ti kọ̀ láti jókòó ń ti ara wọn nítorí àpótí. Ìyá Tábìlì nìkan ló rìn lọ sójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wọn.

Ìyàwó Awakọ̀ jókòó, ó fọwọ́ ti iwájú orí. "Lọ́yà, orí yìí ti ń fọ́ mi láti ìjẹta. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yẹn ń gún mi lójú."

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò, àǹtí mi, ó ń bo ojú yín. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yà á tán ná."

Ó rẹ́rìn-ín. Fọ́tò náà dára.

Lọ́yà gbọ́ ohun tí obìnrin náà sọ. Kí a má tan ara wa: ó gbọ́ ọ, ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ju gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà lọ. Ó ní bí òun bá ti fi fọ́tò ránṣẹ́ tán, òun máa padà wá bá a sọ̀rọ̀. Fọ́tò kò tètè lọ. Nígbà tó máa lọ, iṣẹ́ ti parí, Ìyàwó Awakọ̀ ti lọ sílé, ọ̀rọ̀ orí fífọ́ sì ti fò lọ lọ́kàn rẹ̀. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìròyìn dé pé Lọ́yà ni ẹgbẹ́ yàn. Àwọn obìnrin ṣì ń kí i kú oríire nígbà tí Ìyàwó Awakọ̀ di etí tábìlì mú bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, tó sì ṣubú. Búrẹ́dì dà lé e lórí. Gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín rẹ̀ sì há mọ́ra. Àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Páànù kún orí rẹ̀.

"Ẹ wọ́n omi sí i lójú!" ni Ọ̀gá Aago ń pariwo. "Ẹ rọra! Ẹ dúró ná!"

"Ta ló máa dúró?" Ìyá Tábìlì kígbe. Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ẹ pe ọkọ rẹ̀! Ẹ kó búrẹ́dì jáde nínú ọkọ̀ yẹn, ẹ gbé e sínú rẹ̀!"

Ọkọ̀ búrẹ́dì ni wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọmọ náà kéré bí ẹyẹ, ṣùgbọ́n ó ké. Ìyá rẹ̀ náà yè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì bá Lọ́yà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó na fóònù tí fọ́tò náà wà lójú rẹ̀ sí i. "Ṣé obìnrin yìí ni?"

"Òun ni, mà."

"Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Ṣé ó sọ nǹkan kan fún ọ lọ́jọ́ náà?"

Lọ́yà lè ní rárá. Ariwo pọ̀ nínú yàrá lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa já a nírọ́. "Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ń gún àwọn lójú. Wọn kì í jókòó, mà. Fọ́tò nìkan ni wọ́n jókòó fún."

Nọ́ọ̀sì kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Orúkọ ẹlòmíràn ni mo máa fi ránṣẹ́ lọ́dún yìí," ó wí. "Bóo bá ṣì fẹ́ wá sípàdé, wá." Ó yí padà, ó wọlé lọ bá aláìsàn.

Nígbà tí Lọ́yà délé nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ iṣẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ó ń fi ọwọ́ agbára fọ̀ ọ́ bí ẹni pé aṣọ náà ló ṣẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ jókòó lọ́la."

"Má bá mi sọ̀rọ̀ àpótí."

"Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré! Ẹ̀yin ni wọ́n ń wò. Bí ẹ bá jókòó, gbogbo wọn á jókòó. Kí ló le níbẹ̀? Ìdí lásán la ní kí ẹ fi kan igi!"

Ìyá rẹ̀ ju aṣọ sínú omi. "Bí mo bá jókòó lónìí, kí ni mo máa sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ? Ẹni tí mo ní kó dúró dáadáa! Ṣé kí n wá jókòó nísinsìnyí tó ti kú, kí n sọ fún un pé ó rọrùn tó báyìí?"

Lọ́yà kúnlẹ̀ sídìí ọpọ́n, ó mú etí kejì aṣọ náà. Ó ní, "Ẹ̀yin ò mọ̀ nígbà yẹn, Màmá. Èmi mọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé orí ń fọ́ àwọn, mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

Wọ́n jọ fọ aṣọ náà tán.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Tábìlì gbé páànù kúrò lórí àpótí kan, ó fi ọwọ́ nu orí rẹ̀, ó jókòó. Ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Ọwọ́ gbogbo wọn dúró.

"Kí lẹ̀ ń wò?" ó bi wọ́n. "Àpótí náà le bí òkúta. Ẹ jókòó kí ẹ lè mọ̀."

Wọ́n jókòó. Ìyá Ìbejì jókòó gbẹ̀yìn, àpótí rẹ̀ ké, kò sì kán.

Ọ̀gá Aago wọlé, ẹnu yà á. "Ìyá Tábìlì, ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?"

"Ó ti rẹ̀ mí kí wọ́n tó bí ẹ," ni obìnrin náà wí. "Na ọ̀rá yẹn sí mi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kàwé yìí, ẹ gbọ́. Ó dára kí ẹ wọ ẹgbẹ́, ó dára kí ẹ wá àǹfààní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun fẹ́ gba ẹ̀mí là, etí ni kó kọ́kọ́ lò, kó tó lo fóònù. Iṣẹ́ tó dára lójú fọ́tò tí kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore, irọ́ ni. Kí àgbà náà mọ̀ pé bí òun bá fi àìsàn ṣe akin, àwọn ọmọ tó ń wo òun ló máa fi ẹ̀mí ara wọn san án. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ àyẹ̀wò pé, Ìyá Tábìlì ló ṣíwájú. Lọ́yà wà lẹ́yìn wọn kí ẹnikẹ́ni má baà yà sọ́nà. Àwọn ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú yàrá náà nìyí: búrẹ́dì gbígbóná tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, ife tíì kan tí wọn ò mu tán, bàtà ẹsẹ̀ kan tí Ìyá Ìbejì kò rí èkejì rẹ̀, ìborí tútù tí wọ́n sá sí ojú fèrèsé, àpótí mẹ́fà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, àti Ọ̀gá Aago, pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń so ó lẹ́nu.