Símẹ́ńtì Ìdí Àgbọn

Símẹ́ńtì tí mo dà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní ọdún 1984 gbẹ ní ọjọ́ kejì, àfi ojú kan ní ìdí igi àgbọn. Ojú ibẹ̀ kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Oòrùn oṣù kejì ń pa á láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ìka mi ṣì ń wọ inú rẹ̀.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni mí. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ nílé tí mo máa ń gbé fún oníṣẹ́. Èmi fúnra mi ni mo máa ń tún un ṣe. Susannah ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí òrùlé bá ń jò, òun kì í bẹ̀rù òjò, èmi àti àkàbà mi ni òun ń bẹ̀rù.

Bàbá mi, Theophilus, ló kọ́ ilé tí à ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́yìn tó kú ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Mo kun pálọ̀, mo pààrọ̀ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó wá ku ẹ̀yìnkùlé nìkan. Ní àkókò náà, Bọ́lánlé, ìyàwó Olúṣẹ́gun ọmọ mi, wà lọ́dọ̀ wa nínú oyún, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Oyún méjì ló ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Ìkẹta yìí ti pé oṣù mẹ́jọ, gbogbo wa sì ń rìn jẹ́jẹ́ nítorí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ẹrẹ̀ tí omi balùwẹ̀ ń kó jọ sí ìdí àgbọn. Kò ṣubú, ó rí igi dì mú, ṣùgbọ́n àyà mi já. Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ ra símẹ́ńtì.

N kò ṣàdédé dà á o. Ọdún méjì kí bàbá mi tó kú, nígbà tí mo ń kọ́ni ní Ìlọrin, mo kọ̀wé sí i pé mo fẹ́ da símẹ́ńtì sí ẹ̀yìnkùlé. Ó fèsì, mo sì tọ́jú ìwé náà sínú Bíbélì mi. Ohun tó kọ kò gùn: “Harold omo mi, mo ri leta re. Nipa ti eyinkule, ma da simenti bo idi agbon. Emi ni baba re.”

Bàbá mi kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Akọ̀wé ìjọ ni. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, kí ló fẹ́ fi ẹ̀gún orí lẹ́tà ṣe? Èmi náà gbọ́ Yorùbá, mo sì kà á bó ṣe wù mí: “Máa da símẹ́ńtì bo ìdí àgbọn.” Inú mi dùn pé bàbá ti fún mi láṣẹ. Mo po yanrìn, mo po òkúta, mo dà á, mo fi pákó tẹ́ ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán.

Ní ọjọ́ kẹjọ yẹn, mo kúnlẹ̀ ti ojú ibi tí kò gbẹ, mo gbé ọwọ́ lé e. Ó gbóná. Mo sọ fún ara mi pé oòrùn ni, ṣùgbọ́n òjìji ilé ti bo ibẹ̀ láti bíi wákàtí kan. Ibẹ̀ wá gbéra díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, ó sì tún wálẹ̀. Ó gbéra, ó wálẹ̀, bí àwújẹ̀ orí ọmọ tuntun.

Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tó bá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, pákó ni mo sábà máa ń fi bò ó, pákó náà ni mo fi bo èyí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bọ́lánlé bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. A gbé e lọ sí ọsibítù. Ó rọbí títí ilẹ̀ fi ṣú, ilẹ̀ mọ́, ọmọ kò wá. Nọ́ọ̀sì kan fa Susannah sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

“Màmá, gbogbo ẹ̀ ló wà bó ṣe yẹ kó wà. Ọmọ yẹn ni kò sọ̀ kalẹ̀.”

Dókítà ní bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí kò wá, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ó tún ní ẹ̀jẹ̀ Bọ́lánlé kò tó, kò sì fi ìbẹ̀rù rẹ̀ pa mọ́ fún wa. Susannah ní kí n sáré lọ mú aṣọ wá sí i nílé.

Mo dé ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án gangan, mo bá Mọ́ṣádé, àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Ó ti tó oṣù kan tó ti wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ayépé. Ọ̀rọ̀ Bọ́lánlé ló gbọ́ tó fi padà wálé. Etí símẹ́ńtì ló dúró sí, kò gun orí rẹ̀.

“Harold,” ó ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, “ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni, Ìyá Àgbà. Bàbá ló ní kí n ṣe é.”

Mo mú ìwé náà wá, mo kà á sí i létí. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n kà á tán.

“Èmi ni mo jókòó tì í lọ́jọ́ tó kọ ọ́. Bó bá ṣe ń kọ̀wé ló máa ń pè é jáde. Má ló pè, Harold. Má! Má dà á bò ó! Ibi tìrẹ wà níbẹ̀, ibi Ṣẹ́gun wà níbẹ̀. Ìdí àgbọn yìí ni wọ́n ń sin ibi gbogbo ọmọ ilé yìí sí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé lo dí pa.”

Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí. Èmi tí mo máa ń na ọmọ ilé ìwé nítorí àṣìkọ, mo ti ṣi ọ̀rọ̀ bàbá mi kà.

Mo gbé dígà. Nígbà tí mo ṣí pákó, ojú ibẹ̀ ń lù kíkankíkan, ó yára ju bí ọkàn mi ṣe ń lù lọ. N kò lè gbé irin lé e. Etí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń fọ́ ọ bọ̀ wá sí àárín, Ìyá Àgbà sì ń sọ lẹ́yìn mi pé, “Rọra. Rọra, Harold.” Nígbà tí mo fi ọwọ́ ṣí èyí tó kù kúrò, atẹ́gùn kan jáde láti inú ilẹ̀, ó ń ta sánsán bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Aago pálọ̀ lu méjì.

“Máa lọ,” ni Ìyá Àgbà wí.

Ẹnu ọ̀nà ọsibítù ni Susannah ti pàdé mi, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Aago méjì ni Bọ́lánlé bí. Obìnrin ni. Ara ìyá le, ara ọmọ le. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo lọ bá nọ́ọ̀sì pé kí ó fún mi ní ibi ọmọ náà kí n lọ sin ín. Ó wò mí tìyanutìyanu.

“Bàbá, wọ́n ti gbà á lọ. Bàbá àgbàlagbà kan ló wá, ó gbé ìkòkò tuntun lọ́wọ́. Ó ní òun ni bàbá Harold. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ rán wọn.”

Mo bi í pé báwo ni bàbá náà ṣe rí.

“Wọ́n wọ kóòtù dúdú nínú ooru yìí. Ekuru símẹ́ńtì bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn ò lè dúró. Wọ́n ní ibi tí àwọn fẹ́ sin ín sí, Harold ò ní lè tún ibẹ̀ ṣe.”

Kóòtù dúdú la fi sin bàbá mi.

Mo sáré délé. Ìyá Àgbà ṣì jókòó ní ìdí àgbọn, erùpẹ̀ ibẹ̀ sì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò wá. A wá a dé itẹ́ òkú, a wá a dé oko bàbá mi ní ọ̀nà Ìmùṣin, a kò rí ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀. Níkẹyìn Ìyá Àgbà ní kí a jáwọ́. “Ọwọ́ rẹ ni bàbá rẹ ń bẹ̀rù,” ó ní, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí tó fi kú.

Adébùsọ́lá la sọ ọmọ náà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá sin ibi ẹni sí ni ilé ẹni, a kò sì mọ ibi tí wọ́n sin tirẹ̀ sí. Mo ti kun yàrá fún un, mo kan ibùsùn kékeré, mo so okùn jangirọ́fà mọ́ igi máńgòrò. Ó ń ṣeré níbẹ̀ bí ọmọ àlejò tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kó má ba nǹkan onínǹkan jẹ́. Lójoojúmọ́, tó bá ti jẹun ọ̀sán tán, yóò wọ bàtà rẹ̀, yóò ká aṣọ kan sí abíyá, yóò wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

“Bàbá àgbà, ẹ ṣeun o. Mo ń lọ sílé.”

“Ilé wo, Bùsọ́lá? Ilé rẹ nìyí.”

Kì í bá mi jiyàn. Yóò kàn wò mí tàánútàánú, yóò lọ dúró ti ilẹ̀kùn ọgbà, yóò máa nàgà sí ìkọ́ rẹ̀ títí ìyá rẹ̀ yóò fi wá gbé e. Lánàá, ọwọ́ rẹ̀ tó o.

Mo ti yọ ìkọ́ náà, mo sì ti kàn án sókè sí i. Ọmọ náà ń dàgbà.