Àdírẹ́sì Tí Kò Gbọ́ Ará Ìta

Bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ ọmọbìnrin náà nígbà tó já dé iwájú tábìlì ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Èkejì ti bọ́ sílẹ̀ lọ́nà, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

“Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jókòó sórí àdírẹ́sì mi?”

Àrá ni wọ́n ń pè é lọ́fíìsì, torí bó bá sọ̀rọ̀, fèrèsé a máa gbọ̀n. Òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì torí gíláàsì ojú rẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n jọ ń kọ. Ètò tó bá fẹ́ gba ìsọfúnni láti orí nẹ́tíwọ́kì gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì tirẹ̀, ètò méjì ò sì lè di ẹyọ kan mú pọ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà. Onígíláàsì ti parí ìdánwò tirẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì, àmọ́ kò pa ètò rẹ̀. Àdírẹ́sì tí Àrá fẹ́ lò ló dì mú pinpin.

“Èmi ni. Ẹ má bínú.”

“Mo ti bínú. Ẹ gbé e sílẹ̀!”

Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀.

Àrá fẹ́ bú u, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kí òjò ọdún yẹn tó dáwọ́ dúró, wọ́n ti jọ ń rìn lọ sílé.

“Olólùfẹ́ mi, àdírẹ́sì tìrẹ nìyí, tèmi nìyí,” ni Onígíláàsì wí lọ́jọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́.

“Ẹlẹ́tàn! Èyí tó rọrùn láti rántí lo mú fún ara rẹ.”

Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nígbà tí Àrá gba iṣẹ́ tó ti ń wá látọjọ́: agogo ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ilé ìwòsàn kan. Aláìsàn á tẹ̀ ẹ́, ìpè á dé kọ̀ǹpútà àwọn nọ́ọ̀sì. Bí iṣẹ́ náà bá yọrí, òun ni yóò di olórí ẹ̀ka wọn. Ibà wá dá a dùbúlẹ̀ kí ọjọ́ àfihàn tó pé. Ó bẹ Onígíláàsì kó bá òun gbé ètò náà dìde.

Onígíláàsì fún ètò náà ní àdírẹ́sì tí kì í gbọ́ ohùn kankan àyàfi èyí tó bá ti inú ẹ̀rọ kan náà wá. Bí wọ́n ṣe máa ń dán nǹkan wò nìyẹn. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó yẹ kó pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ń gbọ́ ará ìta. Ó gbàgbé.

Àwọn ará ilé ìwòsàn dé, wọ́n tẹ agogo. Kẹ́ú, kò dún. Wọ́n tún un tẹ̀.

“Kí aláìsàn kúkú máa pariwo,” ni olórí nọ́ọ̀sì wí.

Ọ̀gá iléeṣẹ́ wọn kọjú sí Àrá, tó fi ibà wọ́ ara wá síbẹ̀. “Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyí? Ṣé ojú ò tì ọ́?”

Onígíláàsì ti mọ ohun tó fà á. Ìlà kan péré ló fẹ́ àtúnṣe. Àmọ́ ojú ọ̀gá pọ́n, ó rò ó pé kí àlejò kọ́kọ́ lọ ná kí òun tó sọ̀rọ̀. Àlejò lọ lóòótọ́. Iṣẹ́ náà bá wọn lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jẹ́wọ́ fún Àrá.

“O mọ̀ nígbà tó ń bú mi?”

“Mo mọ̀.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dijú, ó ń retí kí àrá sán. Kò sán. Ohùn jẹ́jẹ́ ni obìnrin náà fi sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì já ọkùnrin náà láyà jù.

“Mi ò bínú pé o gbàgbé. Èmi náà máa ń gbàgbé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo nílò ẹnu rẹ.”

Àrá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì Onígíláàsì dìde láàárín gbogbo ọ́fíìsì, ó sọ òótọ́. Ó sáré dé ilé ìwòsàn; wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ló bá gba ṣọ́ọ̀bù bàbá Àrá lọ. Télọ̀ ni bàbá náà.

“Ìwọ lo ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́?”

“Èmi ni, Bàbá. Mo sì dákẹ́ tí wọ́n fi bú u.”

“O rí àlùmọ́gàjí ọwọ́ mi yìí?”

“Mo rí i, Bàbá.”

Bàbá mí kanlẹ̀. “Irọ́ ni mo ń retí. Mo ti múra ìjà tán, o wá bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́!”

Àrá yọ lẹ́yìn kọ́tìnì, ojú rẹ̀ wú.

“Iṣẹ́ yẹn ò ní padà.”

“Kò ní padà.”

“Ọjọ́ ń bọ̀ tí mo máa rántí rẹ̀, tí mi ò ní fẹ́ rí ojú rẹ.”

“Sọ fún mi lọ́jọ́ náà. Mi ò ní wá àwáwí.”

Àrá kọjú sí bàbá rẹ̀. “Bàbá mi, ẹ wọ̀n wá fún aṣọ ìgbéyàwó.”

Télọ̀ na téèpù sí èjìká ọkùnrin náà. Èjìká ń gbọ̀n. Bàbá dúró títí èjìká fi dẹ̀, kó tó wo nọ́mbà orí téèpù.