Ọ̀sẹ̀ Kan Lọ́dọ̀ Màmá, Ọ̀sẹ̀ Kan Lọ́dọ̀ Dádì

Orí òpó iná ni Gbémisọ́lá ti kọ́kọ́ rí Olúṣẹ́gun. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ìkùukùu ṣì bo orí òkè, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan sì so ara rẹ̀ mọ́ òpó níwájú ilé ìwòsàn tí Gbémisọ́lá ti ń ṣe nọ́ọ̀sì.

“Ẹ rọra o. A ò ní bẹ́ẹ̀dì fún ẹni tó bá já bọ́.”

“Bí mo bá já bọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ó tọ́jú mi?”

“Ó di ibi tí ẹ bá fi ṣèṣe.”

Olúṣẹ́gun rẹ́rìn-ín títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún kejì wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan, Àdúràolúwa.

Iṣẹ́ ló tú wọn ká. Bí wáyà bá já, wọn a pe Olúṣẹ́gun. Bí aláìsàn bá pọ̀, wọn a pe Gbémisọ́lá. Olúṣẹ́gun ní kí ìyàwó òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó jókòó ti ọmọ. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ Gbémisọ́lá lọ sí Ìjerò, ó mú ọmọ lọ, kò sì padà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Kòrónà dé. Ìjọba ní kónílé-ó-gbélé, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ iná. Wọ́n fẹnu kò lórí fóònù pé ọmọ yóò máa lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ màmá, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ dádì. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n ń pàdé ní Arámọkọ, pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu.

“Ó húkọ́ díẹ̀ lánàá.”

“Mo gbọ́.”

Wọ́n dà bí nọ́ọ̀sì méjì tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Ní oṣù kejì tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, Gbémisọ́lá kó àrùn náà níbi iṣẹ́. Ó sé ara rẹ̀ mọ́ yàrá, ó ní kí Olúṣẹ́gun má mú ọmọ wá.

“Ta ló ń pọn omi fún ọ?”

“Kò sẹ́nì kan.”

Lọ́jọ́ kejì, Olúṣẹ́gun gbé omi àti oúnjẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, òun àti ọmọ wá dúró sí òdìkejì títì, wọ́n ń juwọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ́jọ́ méjì-méjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àdúràolúwa pè é. “Màmá àgbà tó bí Dádì ní kí n má wá sọ́dọ̀ yín mọ́, pé ẹ ó kó àrùn ràn mí. Dádì ní bí ara yín bá ti yá, ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀. Màmá àgbà ò bá Dádì sọ̀rọ̀ mọ́.”

Gbémisọ́lá jókòó títí omi tí ó gbé kaná fi gbẹ.

Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ara rẹ̀ ti dá, Olúṣẹ́gun mú ọmọ wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Mo ti kọ̀wé kí wọ́n gbé mi wá sí Ìjerò. Mi ò ní ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ mọ́. Mo ti mọ irun dì báyìí.”

Gbémisọ́lá wo orí ọmọ. “Ó wọ́.”

“Ó wọ́, ṣùgbọ́n kò tú.”

“Jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ rí bàbá mi.”

Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó ní Èrìjìyàn, gbọ́ wọn délẹ̀. “Bí iṣẹ́ bá pe ẹ̀yin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?”



“A ò tíì mọ̀, Bàbá,” ni Olúṣẹ́gun wí.

“Ká ní o ní o mọ̀ ni, ǹ bá lé ọ padà,” ni bàbá wí. “Ulé mi ò jìnnà. Ẹ máa gbé ọmọ wá.”

Gbémisọ́lá sún mọ́ ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.