Ìbéèrè Tí Kì í Wá Ìdáhùn

Gbogbo gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Ìkàrẹ́ ló ń sunkún lọ́jọ́ tí Safinat kọ́kọ́ rí Hámzàt. Ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Ẹwàolúwa, tí ilé-ìwé rẹ̀ ní Ọ̀kà rán wá síbi ìdíje àríyànjiyàn, ló dúró níwájú. Ó ń jà fún un pé ìyá wúlò fún ọmọ ju bàbá lọ.

"Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n," ni ọmọ náà wí, tí omijé ń dà pòròpòrò lójú rẹ̀. "Èmi tí n kò ní ni kí ẹ bi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pe ìyá olúkúlùkù ọmọ jáde, tí wọ́n bá pe ìyá tèmi, ta ni yóò jẹ́? Mo ní, ta ni yóò jẹ́? Ẹ̀yin adájọ́, ta ni yóò jẹ́?"

Adájọ́ kan bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu ojú. Safinat tìkára rẹ̀, tí ó jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ ìhà kejì, ń fi etí híjáàbù rẹ̀ gba omijé. Àfi gbà! Obìnrin kan fò dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn.

"Èmi rè é o! Ẹwàolúwa, ìgbà wo ni mo kú?"

Ẹ gbà mí! Ẹkún dá wáí. Obìnrin náà ti gun ọ̀kadà láti Ọ̀kà láti wá wo ọmọ rẹ̀ láìsọ fún un.

"Iyán tí o jẹ kí o tó jáde nílé, ṣé òkú ló gún un fún ọ?"

Ẹwàolúwa nu omijé ojú rẹ̀. Ó kàn na ìka sí ojú fèrèsé, níbi tí olùkọ́ rẹ̀ dúró sí. Gbogbo ojú yí síbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin gíga kan, dúdú, arẹwà, ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu kí ó wọ̀ ọ́. Hámzàt nìyẹn.

Nígbà tí gbọ̀ngàn tú, Safinat gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ tìbínú-tìbínú.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nírọ́?"

"Àǹtí, ọ̀nà láti yí àwùjọ lọ́kàn padà ni."

"Ẹ pa ènìyàn!"

"Mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ sunkún, àbí ẹ ò sunkún?"

Safinat fẹ́ bínú, ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí Sátidé bá ti dé, Hámzàt á wọkọ̀ láti Ọ̀kà wá sí Ìkàrẹ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa pa ẹ̀pà sísè jẹ, wọ́n á sì máa tú ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ wò. Bí ẹni tí ń ta oògùn aràn nínú ọkọ̀ bá wí nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹta, Safinat á ní kí ó lè wọ̀ wá létí ni. Bí olóṣèlú bá ń bèèrè lórí rédíò pé ta ló la ọ̀nà fún yín, Hámzàt á ní ẹ má dáhùn o, kò fẹ́ kí ẹ dáhùn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà á fi tán.

Lọ́jọ́ kan, Safinat dá ẹ̀rín dúró.

"Hámzàt mi, ṣé o ti fẹ́ ìyàwó rí?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà wojú rẹ̀. "Olólùfẹ́, ẹni tó bá ti rí ọ, ṣé ó tún lè rántí pé òun rí ẹlòmíràn rí?"

"Ẹlẹ́nu dídùn!" ni Safinat wí, ó sì ju èèpo ẹ̀pà lù ú.

Ẹ wò ó, ẹni tí ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ti ń dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ̀! Ìfẹ́ ti di í létí pa.

Bàbá Safinat, Àáfà Uthman, ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Ìkàrẹ́. Kò tíì ránni lọ ṣe ìwádìí ní Ọ̀kà nígbà tí Hámzàt wá fi ara rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ìtàn inú gbọ̀ngàn ti dé etí rẹ̀ tipẹ́.

"Ìwọ lo pa ìyá alààyè ní gbangba?"

"Èmi ni, sà." Hámzàt ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Iṣẹ́ ẹnu niṣẹ́ yín. Bí wọ́n bá fún yín ní ọ̀tún, ẹ ó jà fún ọ̀tún. Bí wọ́n bá fún yín ní òsì, ẹ ó jà fún òsì. Báwo ni n ó ṣe mọ ìhà tí o wà lórí ọ̀rọ̀ ọmọ mi?"

Hámzàt gbójú sókè wò ó.

"Ó dáa. N kò fẹ́ gbọ́ ìdí tí n ó fi fún ọ lọ́mọ. Ìdí tí n kò fi gbọdọ̀ fún ọ ni kí o dìde jà fún. Bí o bá fi ṣeré, o ò ní wọ ilé yìí mọ́. Ìyá Anwar, ìwọ ni kí o ṣọ́ àkókò."

Ìyá Safinat, tí wọ́n ń fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè, mú ife àti ṣíbí tí yóò fi lù ú bí agogo, ó ń rẹ́rìn-ín. Safinat náà ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé olólùfẹ́ òun yóò ní òun ń hanrun ni, tàbí pé òun jẹun púpọ̀.

Hámzàt dìde. "Bàbá, ẹ má fún mi. Ọmọ yín bi mí ní ìbéèrè kan, ìbéèrè ni mo fi dá a lóhùn. Ọgbọ́n tí mo fi ń kọ́ ọmọ iléèwé ni mo lò fún ẹni tí mo fẹ́ràn jù láyé. Mo ti fẹ́ ìyàwó rí. Limota lorúkọ rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Hafsoh, ọmọ tó bí, wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ọ̀kà. Ẹ̀rù ló bà mí tí n kò fi sọ. Ẹni tó bá fọmọ fún irú mi, ṣé yóò sùn?"

Sùbúhánálláhì! Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Safinat di àga mú.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu Ẹwàolúwa ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Níbo lo ti rí i?"

"Ọ̀rọ̀ Hafsoh ni. Wọ́n ń pe àwọn ìyá jáde lọ́jọ́ ayẹyẹ iléèwé wọn. Nígbà tí a délé, ó bi mí. N kò rí èsì. Ni mo bá gbé e fún Ẹwàolúwa kó bá mi bi ayé."

Safinat wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Àáfà mí kanlẹ̀. "O borí. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú ilé yìí. Máa lọ sílé, ọmọ mi."

Hámzàt dọ̀bálẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Dúró níbẹ̀!"

Safinat ti jáde. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó ti tún híjáàbù rẹ̀ wé, ó sì dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé.

"Alága tí kì í ṣègbè, adájọ́ òdodo, olùṣọ́ àkókò, ìhà kan ṣoṣo lẹ gbọ́. Ìhà kejì ò tíì sọ̀rọ̀."

Ẹnu bàbá rẹ̀ là sílẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti bí i, Safinat kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu rí. "Sọ ọ́," ni ó wí.

"Inú ń bí mi sí i, wàláì. Kò ní tètè tán." Ó kọjú sí Hámzàt. "Ta ní ń dirun fún Hafsoh?"

"Ìyá mi."

"Ṣé ojú wọn ṣì ríran?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́."

"Ṣé ọmọ náà mọ̀ mí?"

"Mo ti fi fọ́tò rẹ hàn án. Ó ní ṣé àǹtí yìí kì í nani?"

Ìyá Safinat fọwọ́ bo ẹnu. Safinat kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o fẹ́ràn mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Safinat dúró títí, ó ń retí àfikún. Àfikún kankan kò wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàámi, lọ́jọ́ tí Ẹwàolúwa bi wá ní ìbéèrè yẹn, gbogbo wa sunkún, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Èmi gan-an ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé irú rẹ̀ kì í wá ìdáhùn. Mo fẹ́ dá a lóhùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe ìyá Hafsoh, èmi ni n ó jẹ́."

Àáfà Uthman wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ọkùnrin ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí ọ̀nà ilé ìdáná bí ẹni pé Safinat kò sí níwájú òun, ó sì gbé ohùn sókè.

"Ìyá Hafsoh!"

"Sà!" Safinat ló jẹ́.

"Bu omi wá fún ọkọ rẹ. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ."