Kaki Tí Sawae Fi Gbẹ̀san

Sawae ń fi ọ̀bẹ la ìkarawun kaki, ẹran òkun tí ìdílé rẹ̀ ń tà létíkun Hiroshima, nígbà tí fóònù ọkọ rẹ̀, Tokuji, dún. Kuwabara akọ̀ròyìn ló ń pè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tó yẹ omi wò ní kòkòrò inú omi yín ju ìwọ̀n tí òfin gbà fún kaki tí à ń jẹ ní tútù láìsè lọ. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́." Ó pa fóònù.

"Bàbá Chinami, ẹ ò ṣàlàyé fún un?" ni Sawae bi ọkọ rẹ̀.

"Ṣé èmi ni tíṣà rẹ̀ ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé ìròyìn gbé e jáde gàdàgbà: MÁJÈLÉ WÀ NÍNÚ KAKI TOKUJI. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé oúnjẹ ti dá ọjà wọn padà.

Sawae ju ìwé ìròyìn náà sílẹ̀. "Ó fi gègé pa wá lọ́sàn-án gangan. Yóò jẹ ohun tó kọ."

Kò pẹ́, Kuwabara wá fúnra rẹ̀, ó tẹrí ba. "Wọ́n ní mo ṣì í kọ. Ẹ là mí lóye, mà, kí n lè tún un ṣe."

"Ẹ kọ́kọ́ jẹun ná." Sawae bu kaki tí wọ́n kó lẹ́nu odò, níbi tí odò ti ń wọ òkun, sínú abọ́, èyí tó mọ̀ dájú pé sísè ló tọ́ sí i. Kò sè é. Ó fún omi ọsàn kíkan sí i, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Ó mà dùn o!"

"Ẹ ò tíì rí adùn," ni Sawae fi ẹ̀rín dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Tokuji gbọ́ pé àìsàn ti dá Kuwabara dùbúlẹ̀, ó sáré lọ bá a nílé ìwòsàn. Kuwabara ti bì títí ojú rẹ̀ fi jìn. Ibẹ̀ ni Tokuji ti wá ṣàlàyé.

"Bí asẹ́ ni kaki ń sẹ́ omi. Èyí tó wà lẹ́nu odò ń rí jẹ, ó ń sanra, ṣùgbọ́n ó ń gba ìdọ̀tí ìlú mọ́ ọn. A máa ń sè é jinná dáadáa kí kòkòrò rẹ̀ lè kú. Òkun jíjìn la ti ń kó èyí tí à ń jẹ ní tútù. Omi ẹnu odò ni wọ́n yẹ̀ wò."

Kuwabara wò ó. "Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yìí náà ni, sà? Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́ lórí fóònù?"



Ìròyìn kejì jáde: akọ̀ròyìn jẹ kaki Tokuji, àìsàn gbé e dè. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ ti ibi iṣẹ́ ìdílé náà pa, ọlọ́pàá mú Sawae lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yín, bí akọ̀ròyìn bá pè, ẹ sọ ohun tí àyẹ̀wò túmọ̀ sí àti ohun tí kò túmọ̀ sí. Ẹ ní kó sọ ohun tó gbọ́ padà fún yín kẹ́ ẹ tó pa fóònù. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn, bí wọ́n bá ní "òótọ́ ni", ẹ tún bi wọ́n pé kí ni òótọ́ ọ̀hún kàn, kí ni kò kàn. Bí ìròyìn bá sì lòdì, àlàyé ni kẹ́ ẹ gbé lọ, kì í ṣe abọ́.

Kaki Tokuji ṣì wà nínú òkun, ó ń sanra. Kò sẹ́ni tó ń kó o.