Ohun Tí Salmah Rí Lára Òkú

"Rọra máa dà á," ni Ìyá Àgbà wí. "Òkú kì í ṣe abọ́ tí à ń ṣan."

Salmah tún ti ife bọ inú korobá, ó rọra da omi náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò bá ìyá bàbá rẹ̀ wọ yàrá tí wọ́n ti ń wẹ òkú sì nìyẹn. Iṣẹ́ Ìyá Àgbà ni. Láti Òṣogbo títí dé Iléṣà, bí obìnrin mùsùlùmí bá kú, òun ni wọ́n ń pè kó wá wẹ̀ ẹ́, kó sì dì í sínú aṣọ funfun. Ẹsẹ̀ ló ń dun obìnrin tí wọ́n jọ máa ń ṣe é, ló fi mú ọmọ ọmọ rẹ̀ dání lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́jọ́ náà. Salmah kò mọ̀ pé ilé Àdíját, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ni wọ́n ń lọ, àfìgbà tó bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń sunkún.

Ìyá Àdíját ló kú. Ibà ni wọ́n sọ pé ó pa á. Nígbà tí Ìyá Àgbà ṣí aṣọ àyà rẹ̀, Salmah rí i pé irọ́ ni. Jẹjẹrẹ ti jẹ ọmú òsì obìnrin náà tán, egbò ńlá ló kù níbẹ̀, ẹnì kan sì ti fi aṣọ mímọ́ tónítóní dì í. Ìyá Àgbà wẹ ibẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, ó bò ó, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí wọ́n ń padà sílé ló tó la ẹnu. "Salmah, ṣé o rí ohun tí mo rí?"

"Mo rí i, mà."

"O ò rí i. Ikú ò dọ́jọ́, àrùn ò dóṣù, kò sẹ́ni tó mọ ipò tí wọ́n máa bá òun. Alààyè á fọwọ́ bo ara ẹ̀, òkú ò lè bo ara ẹ̀ mọ́. Àwa tí wọ́n bá pè la máa bá a bò ó. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń ṣe é. Mi ò sọ ti ẹnikẹ́ni fún ọkọ mi títí òun náà fi kú."

Salmah ní òun ti gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Àbí ta ni kì í gbọ́ ìmọ̀ràn nínú wa? Ibi tí à ń fi í sí lẹ́yìn tí a bá gbọ́ ọ tán ni ìṣòro wa.

Ní ọjọ́ kẹta, Ikhlas, ọmọ kíláàsì wọn kan, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó ti abọ́ gàrí nílé ìwé lásìkò ìsinmi. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń wu Salmah kí wọ́n gba òun mọ́ra. Bó ti na ọwọ́, Ikhlas fa abọ́ náà sẹ́yìn.

"Jọ̀ọ́, má fọwọ́ òkú bọ gàrí wa."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Salmah bá wọn rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì í.

"Òkú wo ló fọwọ́ kàn?" ni ẹnì kejì wí. "Omi ni wọ́n ní kó pọn, ìta ló wà."

"Mo wọlé," ni Salmah fèsì.

"Tóo bá wọlé lóòótọ́, kí lo rí?" ni Ikhlas bi í.

Ká ní ó dákẹ́ ni, ebi ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni ì bá pa á. Ṣùgbọ́n ó dùn ún pé wọ́n pè é ní onírọ́. "Kì í ṣe ibà ló pa ìyá Àdíját," ló wí, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n sún fún un, wọ́n fún un ní ṣíbí. Bó ṣe jẹ gàrí nìyẹn.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kó tó di ọjọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, ọ̀rọ̀ náà ti ràn bí iná inú ọyẹ́, ó sì ń lé sí i bó ṣe ń lọ. Àwọn kan ní èpè ni. Àwọn kan ní àrùn tó ń ràn ni, kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kan oúnjẹ ilé náà. Àwọn àlùfáà ṣe àdúà tán, ìrẹsì kù sínú ìkòkò.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, obìnrin kan kú ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Ìyá Àgbà ti kó ọṣẹ àti lọ́fíńdà sínú báàgì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọmọ olóòkú ni. "Ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu mọ́, mà. A ti rí ẹlòmíì. Ẹ má bínú, a ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ tiwa náà káàkiri."

Ìyá Àgbà kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú báàgì níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe tán, ó yíjú sí Salmah. "Ta lo sọ fún?"

Salmah kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́, ó ń sunkún. Ìyá Àgbà kò nà án. "Èmi kọ́ lo máa kọ́kọ́ bẹ̀," ló wí. "Dìde, lọ bá Àdíját."

Àdíját ń fọ ìkòkò lẹ́yìnkùlé nígbà tó dé. Salmah kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kó dárí ji òun. Àdíját kò dáwọ́ dúró.

"Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ń fọ egbò yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́," ló wí. "Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń pẹ́ dé ilé ìwé tí tíṣà ń nà mí. Màmá mi bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ẹnì kankan gbọ́. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pàápàá. Ìwọ ò lè pa á mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta."

Salmah sorí kọ́.

"Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́ tẹ́lẹ̀," ni Àdíját tún wí. "Wọ́n ní ọmọdé ni mí, wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Mo fẹ́ mọ bí ojú màmá mi ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ wẹ̀ wọ́n tán."

Salmah gbé orí sókè. Ó mọ èyí. Ojú obìnrin náà ti tú ká bí ti ẹni tí ìrora fi sílẹ̀, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ti wò ó, ó sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Irú èyí ni wọ́n máa ń sọ fún ọmọ olóòkú kó lè fọkàn balẹ̀. Salmah la ẹnu.

"Má sọ ọ́," ni Àdíját wí. "Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni? Ẹnu tó sọ tọ̀hún náà ló fẹ́ sọ ọ́." Ó gbé ìkòkò rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, àṣírí tí wọ́n fi pa mọ́ sí wa lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ra ọ̀rẹ́. Salmah ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè tu Àdíját nínú, òtítọ́ sì ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.