Ọrùn-Ọwọ́ Titouan

Ọrùn-ọwọ́ ni Titouan nà sí Gwenaël lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn, kò na àtẹ́lẹwọ́.

Ní yàrá ìmúra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Porz-Meur, létíkun ilẹ̀ Faransé, kò sẹ́ni tó ń jókòó láì tíì bọ gbogbo ilé lọ́wọ́. Bí o bá wọlé, o ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lábẹ́ fèrèsé. Bí ẹ tiẹ̀ jà lánàá, ẹ ó bọ ara yín lọ́wọ́ lónìí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dọ̀tí nìkan ló lè na ọrùn-ọwọ́, kí wọ́n dì í mú níbẹ̀.

"Epo ló wà lọ́wọ́ mi," ni Titouan wí. "Ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi ló já."

Gwenaël di ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì wo ọwọ́ náà. Kò rí epo kankan. Ohun tó rí ni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ pa ìka mọ́ra gírígírí, bí ọmọdé tó jí súgà.

"Kí lo dì sọ́wọ́, Tito?" ni Evan, tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn lápá òsì, fi ń yọ ọ́ lẹ́nu. "Àbí o ti jí pọ́ǹtì mẹ́ta ọjọ́ Sátidé pamọ́ sílé?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Titouan náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yára wọ ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé rẹ̀, ó sì jáde.

Kó tó pẹ́, Kóòṣì Kervella pe Gwenaël sẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Gwenaël. Iwájú ló ń gbá, ó sì ti gbá góòlù mẹ́rìnlá wọlé láti oṣù kẹsàn-án. Ọ̀gbẹ́ni Roche, tó ń wá ọmọ fún ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ ńlá kan, ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Sátidé yìí ni yóò jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé ìgbà kẹta ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ẹnì kan tẹ Roche láago lánàá," ni Kóòṣì wí. "Wọ́n ní orúnkún rẹ ò dá."

Òótọ́ ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti ń wú. Èèyàn mẹ́ta péré ló mọ̀: òun fúnra rẹ̀, Màmá àgbà tó ń bá a fi yìnyín sí i, àti Titouan tó rí i níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀.

"Irọ́ ni, Kóòṣì."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ẹ wò ó." Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan fò lẹ́ẹ̀mẹta. Ìrora gùn ún dé ìbàdí, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kervella wò ó títí. "Ta ló wá kórìíra ẹ tó báyẹn?"

Gwenaël gbé bọ́ọ̀lù kan, ó sì padà sí pápá. Àmọ́ orúkọ kan ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó dúró síwájú fíríìjì. Káàdì tí nọ́ńbà Ọ̀gbẹ́ni Roche wà lára rẹ̀ kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Òòfà pupa ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Òòfà tó rí bí ẹja ló dì í mú báyìí. Ó rántí pé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ibí yìí gan-an ni Titouan dúró sí tó ń mu mílíìkì, tó sì ń ka káàdì náà.

"Màmá àgbà, ta ló fọwọ́ kan káàdì yìí?"

Ìyá àgbà kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń da ọbẹ̀ ẹja sínú abọ́. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di sàdíìnì sínú agolo, òun nìkan ló sì tọ́ Gwenaël dàgbà. "Ọbẹ̀ rẹ ń tutù," ló wí. "Ṣé o ti sọ fún Kóòṣì nípa orúnkún yẹn?"

"Màá sọ lẹ́yìn Sátidé."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o." Ó yíjú sí àwòrán ọkọ rẹ̀ tó ti kú, tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ Porz-Meur lára ògiri. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni ọkùnrin yẹn ti ń tiro. "Bàbá àgbà rẹ náà, lẹ́yìn Sátidé ló sọ."

Gwenaël ò gbọ́ ìyẹn. Ọkàn rẹ̀ ò kúrò lára òòfà.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ṣọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ eku. Ní Wẹ́sìdeè, ó rí i tó ń jáde nílé ìtajà oògùn, tó sì ti nǹkan funfun kan bọ àpò kíákíá.

"Kí lo rà?"

"Oògùn ẹ̀fọ́rí fún màmá mi."

Ní Tọ́sìdeè, níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán nílé ìwé, Titouan lọ jókòó sí orígun kan. Ọwọ́ òsì ló fi di fọ́ọ̀kì mú, ó sì yí èjìká ọ̀tún sí ògiri. Nígbà tí wọ́n dé yàrá ìmúra nírọ̀lẹ́, ọrùn-ọwọ́ náà ló tún nà.

"Epo náà ni lónìí?"

"Epo náà ni."

Gwenaël wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pọ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dán Titouan náà wò nílé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kan. Wọ́n ní kò ga tó láti ṣọ́lé, wọ́n sì dá a padà. Ṣé ẹni tí wọ́n dá padà á fẹ́ kí ẹlòmíràn lọ? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ náà ló ń gbé. Bó ṣe ń rò ó lọ ló ń rí ẹ̀rí, gbogbo ohun tí Titouan bá sì ṣe ló ń di ẹ̀rí.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun ló kọ́kọ́ dé. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọlé tó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ló ń sọ ọ́ sí i létí: "Titouan ló tẹ Roche láago láti bà mí jẹ́."

"Tito kẹ̀?" ni Evan wí. "Ṣé o rí i?"

"Mo mọ̀."

"Mímọ̀ ò jọ rírí o, ọ̀gá." Ṣùgbọ́n òun náà jókòó, ó sì so okùn bàtà rẹ̀.

Titouan wọlé. Ó na ọrùn-ọwọ́ sí Evan. Evan tẹrí ba, ó ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀. Ó nà án sí ẹni kejì. Ìyẹn ń wá nǹkan nínú báàgì. Ẹni kẹta ń wo àjà. Báyìí ló ṣe rìn yíká yàrá náà pẹ̀lú ọwọ́ nínà, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Gwenaël.

"Kí ló dé?"

"Bi ọwọ́ tí ò ń fi pamọ́. Òun náà ló tẹ fóònù."

Titouan bọ́ ìbọ̀wọ́ tó ti wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó mú èkejì rẹ̀ látinú àpò, ó kó méjèèjì lé orí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gwenaël, ó sì jáde. Kò ti ilẹ̀kùn gbàgà. Ó rọra pa á dé ni, ìyẹn ló sì mú kí gbogbo wọn máa wolẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́.

Nígbà tí Kóòṣì béèrè aṣọ́lé rẹ̀, kò sẹ́ni tó fèsì. Evan ni wọ́n fi sójú ilé.

Ọ̀gbẹ́ni Roche dúró lẹ́bàá pápá nínú kóòtù dúdú. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó wá bọ Gwenaël lọ́wọ́. "Báwo ni orúnkún?"

"Ó dá ṣáṣá, sà."

Roche ò tètè fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó dáa," ló wí nígbẹ̀yìn.

Bí Porz-Meur ṣe máa ń gbá kò lọ́jú pọ̀: Titouan á gbá bọ́ọ̀lù láti ojú ilé, bọ́ọ̀lù á fò kọjá orí gbogbo èèyàn, á sì balẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ Gwenaël. Mọ́kànlá nínú góòlù mẹ́rìnlá rẹ̀ ló ti ibẹ̀ wá. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí bọ́ọ̀lù tó fò. Ibi tí Evan bá gbá a sí, ẹsẹ̀ ọ̀tá ló ń lọ. Kó tó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n ti jẹ Porz-Meur ní góòlù méjì. Gwenaël ò lè dúró mọ́. Ó sáré padà sẹ́yìn lọ wá bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, ó gbà á, ó yí padà lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Orúnkún náà ró bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́.

Orí bẹ́ǹṣì yàrá ìmúra ni wọ́n gbé e sí kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé. Roche jókòó tì í. Ìbọ̀wọ́ Titouan ṣì wà níbẹ̀ láàárín wọn.

"Sà," ni Gwenaël wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, "Titouan ló tẹ̀ yín láago, àbí?"

"Titouan wo? Ìyá àgbàlagbà kan ni. Ó ní òun ti di ẹja sínú agolo fún ọgbọ̀n ọdún, òun sì mọ ohun tó máa ń bàjẹ́ téèyàn bá kánjú. Ó ní kí n má wò ọ́ lónìí, kí n dúró di ìgbà tí òtútù bá lọ. Mo sì ti gbà láti dúró."

"Kí lẹ wá wò lónìí nígbà náà?"

"Bóyá wàá sọ òótọ́ fún mi. Mo sì bi ọ́."

Gwenaël fi aṣọ bo ojú.

Nílé ìwòsàn, Màmá àgbà jẹ́wọ́ láìjẹ́ pé wọ́n bi í. "Èmi ni. Ẹ̀rù bà mí pé wàá kórìíra mi, ni mi ò ṣe sọ. Mo dákẹ́ tèmi, o dákẹ́ tìẹ. Ọmọ ọlọ́mọ ló wá jìyà rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Gwenaël fi ọ̀pá méjì rìn dé etíkun, níbi tí ẹ̀gbọ́n bàbá Titouan ti ń ta ẹran òkun inú ìkarahun, èyí tí gbogbo ilé ń wá kiri bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́. Titouan jókòó sórí àpótí kan. Báńdéèjì funfun wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó tú u láìsọ̀rọ̀: ojú ọgbẹ́ gígùn kan la àtẹ́lẹwọ́ já, wọ́n sì ti rán an lójú mẹ́rin.

"Ọ̀bẹ yọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí mò ń ṣí ìkarahun."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Bí mo bá sọ, ṣé Kóòṣì á jẹ́ kí n ṣọ́lé? Ta ló máa wá gbá bọ́ọ̀lù sí ẹ níwájú Roche? Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi gbá a, kì í ṣe ọwọ́."

Gwenaël gbé ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀, ó ní: "Jọ̀ọ́, má bínú."

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n yàrá ìmúra lo ti sọ tọ̀hún. Ibẹ̀ náà ni kó o ti sọ tibí."

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Gwenaël fi ọ̀pá wọ yàrá ìmúra. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ń bọ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ fún olúkúlùkù, sókè ketekete: "Mo purọ́ mọ́ Titouan. Orúnkún mi ò dá, mo sì mọ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ló sọ ọ́, ó sì ń le sí i lẹ́nu ni. Nígbà tó dé abẹ́ fèrèsé, Titouan na ọrùn-ọwọ́. Gwenaël dì í mú jẹ́jẹ́.

"Epo ni," ni Titouan wí. Evan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́wàá ni orúnkún náà fi san. Kí ó tó san, ẹgbẹ́ ńlá ti mú ọmọ mìíràn. Ọmọ ogún ọdún ni Gwenaël kí ẹgbẹ́ kékeré kan tó fún un níṣẹ́, ó sì fi ọdún mọ́kànlá gbá bọ́ọ̀lù iwájú ní ìpele kejì àti ìkẹta ní ilẹ̀ Faransé. Kì í ṣe ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ibi tó dé, àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ ọ́n sí ohun kan. Bí ọmọ kan bá na ọrùn-ọwọ́ sí i, kì í kọjá lọ. Á dúró, á di ọrùn-ọwọ́ náà mú, á sì béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?" Á sì dúró gbọ́ èsì.

Ìfura dára fún ẹni tó bá lè béèrè. Ẹni tó bá ń fura tí kò béèrè, ara rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò ṣe léṣe. Bí nǹkan bá sì ń dun ìwọ náà, sọ ọ́ kí Sátidé tó dé.